Ọdẹ tó mọ àsìkò ni awó kì í tán nínú igbó rẹ̀

Bí òjò bá ti lọ tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní agbègbè Ìdòfin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero, ìpínlẹ̀ Kwara, ohùn kan wà tí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ tó bá jí lọ sóko ní òwúrọ̀ kùtù. Ohùn àparò ni. Orí ebè tí wọ́n ti wa iṣu rẹ̀ tán ló ti máa ń ké. Kò ní pẹ́ tí agbo awó yóò fi dáhùn láti etí ọ̀dàn. Létí ọmọ tí wọ́n bí sí ìgboro, ariwo ẹyẹ lásán ni. Létí ọdẹ, ìkéde ni: ọmọ ẹyẹ ti dàgbà, koríko ti gbẹ, àkókò ti tó láti gbé ìbọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà.

Ìdòfin wà ní apá ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Iloffa ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, Osi sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti tó múlé tì í. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ wọn láti ayébáyé: iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà. Ibi tí àgbẹ̀ bá ti kórè ni ẹyẹ ti ń ṣa èyí tó ṣẹ́ kù jẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọdẹ ẹyẹ máa ń ríṣẹ́ ṣe jù.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ewé bá ń wọ́ dànù lórí igi, tí wọ́n sì ti kórè oko, ọ̀pọ̀ ọdẹ a máa gbé ìbọn àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á wọ igbó lọ wá tòlótòló. Tòlótòló igbó ni o, kì í ṣe èyí tí à ń sìn nílé.

Ẹtù, ẹ̀tù àti ẹtu

Ẹni tí kò bá mọ ohùn èdè Yorùbá dáadáa lè ṣi ọ̀rọ̀ ọdẹ gbọ́. Ẹtù ni orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe awó. Ẹ̀tù ni ohun dúdú tí wọ́n ń kì sínú ìbọn. Ẹtu sì ni ẹran igbó kékeré oníwo ṣóńṣó tí gbogbo ọdẹ mọ̀. Ọdẹ lè fi ẹ̀tù pa ẹtù ní òwúrọ̀, kó tún fi ẹ̀tù pa ẹtu ní ìrọ̀lẹ́, kí aya rẹ̀ sì mọ èwo ni yóò gbé kaná láìbéèrè.

Àṣìṣe orúkọ ti bá àwọn òyìnbó náà rí lórí ẹyẹ yìí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni awó ti wá. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ló ti wá, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ Tọ́kì pè é. Nígbà tí tòlótòló dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n kó orúkọ kan náà fún un, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ tòlótòló títí di òní. Kódà, Meleagris tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe tòlótòló, orúkọ tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ń pe awó ni. Nítorí náà, bí ọdẹ Ìdòfin bá ń lé awó, tí ọdẹ Amẹ́ríkà ń lé tòlótòló, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lé.

Ìbọn tó ń kọ́ni ní sùúrù

Ìbọn ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá bá lọ́wọ́ bàbá wọn. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ló kọ́kọ́ kó irú rẹ̀ wá sí etí òkun, orúkọ àwọn ará Denmark ni òyìnbó sì fi ń pè é. Nígbà tó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ Yorùbá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tiwọn. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù ló máa kọ́kọ́ wọlé, àkísà á tẹ̀ lé e, wọ́n á fi ọ̀pá tì í wọnú kó lè le dáadáa, lẹ́yìn náà ni ọta á wọlé, tí àkísà mìíràn á dé e lórí kó má baà dà nù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yìn. Kí ọdẹ tó kì í tán lẹ́ẹ̀kejì, agbo awó ti rékọjá odò.

Àwọn àgbà tó mọ ìtàn kò ní gbàgbé pé ìbọn ló sọ ogun kan lórúkọ. Nígbà tí Èkìtì Parapọ̀, tí àwọn Ìgbómìnà náà wà nínú wọn, ń bá Ìbàdàn jagun, wọ́n rí ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn rà. Ìró ìbọn yìí ṣàjèjì sí etí débi pé wọ́n fi pe ogun náà ní Kírìjì. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ogun ọ̀hún. Láti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ki ìbọn olójú kan àti olójú méjì tí ọdẹ tó rí já jẹ ń gbé lóde òní: wọ́n á ṣẹ́ ẹ ní agbedeméjì, wọ́n á ti kátíríìjì bọ̀ ọ́, wọ́n á pa á dé, ó parí.

Ṣùgbọ́n ìbọn yòówù kó jẹ́, ẹyẹ ló ń sọ bí ọdẹ yóò ṣe lò ó. Awó kì í tètè fò, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń sá. Agbo ló ń jẹ̀ sí, bí ọ̀kan bá sì ti rí ọdẹ, á fi igbe ta àwọn yòókù lólobó. Nítorí náà, ọdẹ tó gbọ́n kì í lé e. Á mọ ibi tó ti ń mu omi, á mọ igi tó ń sùn lé, á sì lọ lúgọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tàbí kí oòrùn tó wọ̀. Àparò ní tirẹ̀ á fara pa mọ́ sínú koríko títí ẹsẹ̀ ọdẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, á wá bú sókè lójijì, ọkàn ọdẹ á sì fò pẹ̀lú rẹ̀. Ṣakabùlà kì í sábà bá ẹyẹ tó ń fò, nítorí láàárín ìgbà tí ọdẹ fà á sí ìgbà tí ọta jáde, ẹyẹ ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ dúró kí ẹyẹ balẹ̀. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìdúró yìí wà fún ẹyẹ náà. Ìgbà òjò ni awó ń yé ẹyin. Ilẹ̀ ló ń yé e sí, nínú kòtò kékeré lábẹ́ koríko, á sì sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 26 sí 28. Ẹni tó bá pa abo awó kan láàárín ìgbà yìí, kì í ṣe ẹyẹ kan ló pa. Ó pa gbogbo agbo tí ìbá jẹ̀ lóko ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kò sí bí ọdẹ ṣe lè sọ pé akọ nìkan lòun yóò pa, nítorí akọ awó àti abo rẹ̀ jọra bí ìbejì. Nígbà tí ojú kò lè ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, àsìkò nìkan ló kù tí ọdẹ lè fi dá ẹyẹ sí.

Ohun tí Amẹ́ríkà fojú ara rẹ̀ rí

Ẹni tó bá rò pé ẹyẹ kò lè tán nínú igbó, kó bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè. Tòlótòló igbó pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gé igbó, wọ́n sì ń pa ẹyẹ náà tà lọ́jà láìka ìgbà sí. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí ẹyọ kan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó ti kún bí eṣú tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọdẹ gan-an wà lára àwọn tó figbe ta. Ní ọdún 1937, ìjọba wọn ṣe òfin tó sọ pé owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn àti ọta gbọ́dọ̀ padà sí ìtọ́jú ẹran igbó. Láti àwọn ọdún 1950, wọ́n ń fi àwọ̀n ńlá mú tòlótòló níbi tó ṣì wà, wọ́n ń kó wọn lọ tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tán. Wọ́n fi òfin de ìgbà tí ọdẹ lè wọ igbó àti iye tí ẹnì kan lè pa. Lónìí, Alaska nìkan ni ìpínlẹ̀ tí tòlótòló igbó kò sí nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò tíì sinmi. Ìgbà ìwọ́wé tí ọdẹ lè pa akọ àti abo ni wọ́n ń ṣọ́ jù, nítorí abo tó bá kú kò ní sàba lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní tòótọ́, awó kò sí lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò parẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹyẹ lè pọ̀ láyé, kó má sì sí nínú igbó ìlú ẹni. Ìbọn tó ń yìn léraléra wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ìmọ́lẹ̀ iná orí lè bá gbogbo agbo lórí igi tí wọ́n sùn lé lóru. Àwọn mìíràn ń kó ẹyin inú igbó. Àwọn kan tún wà tó ń fi oògùn apakòkòrò sí ọkà kí ẹyẹ lè jẹ ẹ́ kó kú, wọ́n sì gbàgbé pé ẹnu ènìyàn ni májèlé náà ń lọ. Iná tí wọ́n ń sọ sí ìgbẹ́ lọ́dọọdún náà kò fi ibi ìsápamọ́ sílẹ̀ fún ẹyẹ.

Igbó kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó wúwo ju ti ẹyẹ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Olúkòró ti Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti, wọ́n sì pa Ọba Ṣẹ́gun Arẹ̀mú-Cole. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kọlu ilé ìjọsìn kan ní Eruku, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ kí wọ́n tó padà gba ìtúsílẹ̀.

Láti ìgbà tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ni ìró ìbọn ti yí ìtumọ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, bí ìbọn bá dún ní etí oko, ọbẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń retí. Nísinsìnyí, àyà á já, ìlẹ̀kùn á tì. Àgbẹ̀ mìíràn kò lè dé oko tó jìnnà mọ́. Ọdẹ tó yẹ kó máa ṣọ́ awó ló ń bá wọn ṣọ́ ìlú, nítorí òun ló mọ ojú ọ̀nà inú igbó. Ṣùgbọ́n ìbọn tó ń yìn lẹ́ẹ̀kan kò lè kojú ìbọn ogun. Iṣẹ́ ìjọba ni láti dáàbò bo ìlú, kò yẹ kí wọ́n gbé ẹrù náà ka ṣakabùlà lórí.

Kí ọdẹ tó gbé ìbọn jáde

Nítorí bí ìgbà ti rí yìí, àwọn nǹkan kan wà tí ọdẹ kò gbọ́dọ̀ fojú rénà. Àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959 sọ pé ẹni tó ní ṣakabùlà gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ aláṣẹ tí òfin yàn, ẹni tó sì ní ìbọn olójú kan tàbí olójú méjì gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ọdẹ tí kò ní ìwé lè ṣàlàyé títí, kí wọ́n má gbọ́.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ọdẹ mọ ẹni tó wọ igbó, apá ibi tó gbà lọ àti ìgbà tí yóò dé. Ẹ̀kẹta, kí ọdẹ má ṣe yìnbọn sí ohun tó gbọ́ tí kò rí. Ewéko tó mì lè jẹ́ awó, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà tó ń ṣẹ́gi. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀tù tó bá pọ̀ jù lè fa ìbọn ya lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Kò sì yẹ kí ìbọn tí wọ́n ti kì wà nínú ilé tí ọmọdé wà. Ní ìdáná pẹ̀lú, kí wọ́n ṣa ọta kúrò nínú ẹran dáadáa, nítorí òjé ni ọ̀pọ̀ ọta, òjé sì ń ba ara jẹ́, pàápàá ara ọmọdé.

Ní ti ẹyẹ, ohun tí ó kù kò le. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan fẹnu kò pé láti ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ títí tí wọn yóò fi kórè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa awó, kò sì gbọ́dọ̀ kó ẹyin rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè mú sùúrù, kó ra ẹtù ilé sìn. Òfin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, nítorí àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹni tó gbé ìbọn olójú méjì àti ẹni tó gbé ṣakabùlà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, igbó kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ.

Ọdẹ ayé àtijọ́ kò ní ju ọta kan lọ nínú ìbọn rẹ̀, síbẹ̀ ó fi ẹyẹ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò yẹ kí ọdẹ òde òní tó ní púpọ̀ fi igbó òfìfo sílẹ̀ fún tirẹ̀.