Ìṣókùnkùn Kì í Ṣe Ààbò: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìbòjú Ajórin

Bí jórinjórin kan ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo bá ra ìbòjú ìgbàlódé, irú èyí tí ó máa ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, ohun kìn-ín-ní tí yóò rí lára rẹ̀ ni kókó kan tí a ń yí, tí a kọ nọ́ńbà 9 títí dé 13 yí i ká. Ìbéèrè tí ọmọ-iṣẹ́ yóò bi í kò ju ẹyọ kan lọ: ‘Ọ̀gá, nọ́ńbà wo ni kí n yí i sí?’ Bí ọ̀gá bá dáhùn pé, ‘Yí i síbi tí ojú rẹ bá ti gbà á,’ kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni ó sọ. Ìdajì tí kò sọ ni ó lè ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan; ti èdè ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún nọ́ńbà orí kókó náà ni ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ń lò fún ìbòòji abẹ́ igi. Bí onítumọ̀ kò bá ṣọ́ra, yóò gbé àṣìṣe kan wọ inú èdè Yorùbá, àbájáde rẹ̀ yóò sì hàn lójú ènìyàn, kì í ṣe lójú ìwé nìkan.

1. Iná agbẹ̀dẹ àti iná ìjórin

Iṣẹ́ irin kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ayébáyé ni alágbẹ̀dẹ ti ń fi ojú lásán wo irin tí ẹwìrì ń fẹ́ iná sí, tí ó sì ń fi àwọ̀ irin náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí owú balẹ̀. Ohun tí iná agbẹ̀dẹ ń tú jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí àti ooru tí ara ń mọ̀ lọ, bí ooru náà tilẹ̀ lè ṣe ojú ní ìjàǹbá bí ó bá pẹ́ níbẹ̀. Iná ìjórin yàtọ̀. Níbi tí iná mànàmáná ti ń fò láti ẹnu ọ̀pá ìjórin sára irin, ooru rẹ̀ ju 5,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú ìtànṣán mẹ́ta ni ó sì ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, tí àwọ̀ rẹ̀ lọ láti pupa títí dé àlùkò gẹ́gẹ́ bí ti òṣùmàrè. Èkejì wà ní òkè àlùkò, ojú kò sì lè rí i. Ìtànṣán òkè-àlùkò ni orúkọ tí ó bá a mu. Ẹ̀kẹta wà ní ìsàlẹ̀ pupa, ara sì ń mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ooru. Èyí ni ìtànṣán ìsàlẹ̀-pupa. ‘Òkè’ àti ‘ìsàlẹ̀’ tí a lò níhìn-ín ń tọ́ka sí iye ìgbà tí ìtànṣán ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìjàǹbá wọn kò dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ jù a máa ba awọ ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́. Ìtànṣán òkè-àlùkò a máa jó awọ iwájú ẹyinjú. Kì í dun ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí ajórin ti relé, ni ojú yóò tó máa ta bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, tí omi yóò máa dà, tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà lásán kò sì ní í ṣe é wò. Ìtànṣán ìsàlẹ̀-pupa ní tirẹ̀, bí ó bá ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, lè mú kí dígí inú ojú di funfun bí omi ògì. Ní 2017, àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìtànṣán òkè-àlùkò tí ìjórin ń tú jáde mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Kókó ọ̀rọ̀ ni pé méjì nínú àwọn ọ̀tá mẹ́ta yìí kò ṣeé fi ojú rí. Ẹni tí ó bá ń fi ojú nìkan díwọ̀n ààbò, ọ̀tá kan péré ni ó ń ṣọ́.

2. Iṣẹ́ tí ìbòjú náà ń ṣe

Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Hörnell ní orílẹ̀-èdè Swídìn gbé Speedglas, tí í ṣe irú ìbòjú yìí, jáde fún títà. Dígí dúdú tí kì í yí padà ni àwọn ajórin ń lò kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ sì ń lò ó di òní. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò ní í rí nǹkan kan títí iná yóò fi ṣẹ́. Nítorí náà yóò gbé e sókè kí ó lè rí ibi tí yóò jó, yóò sì tún já a wálẹ̀. Láàárín gbígbé àti jíjá yìí ni iná ti ń mú ojú.

Dígí ìbòjú tuntun ní apá méjì. Iṣẹ́ apá kìn-ín-ní ni láti dènà ìtànṣán òkè-àlùkò àti ìtànṣán ìsàlẹ̀-pupa. Kì í sùn. Yálà bátìrì wà tàbí kò sí, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Apá kejì jẹ́ èròjà olómi, irú èyí tí ó ń kọ nọ́ńbà sójú ẹ̀rọ ìṣirò: bí iná mànàmáná bá kàn án, yóò tún ara rẹ̀ tò, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní í lè kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ojú kéékèèké tí ó wà níwájú ìbòjú ni ó ń fura sí iná. Kí a tó ka ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú-àáyá, dígí tí ó wà ní nọ́ńbà 3 tàbí 4 lè ti bọ́ sí nọ́ńbà tí a yàn.

Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ tí ó yẹ dígí yìí. Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé iṣẹ́ asẹ́ ni láti jẹ́ kí omi ògì kọjá, kí èèrí sì dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí níhìn-ín: ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ojú nílò ń kọjá, ìtànṣán búburú sì ń dúró bí èèrí.

3. Orúkọ wo ni ó yẹ nọ́ńbà náà?

Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní tí ó máa ń wá síni lọ́kàn ni dúdú. Ó kúrú, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni dúdú ń sọ, kò sọ iye. Àní èdè Yorùbá a máa lò ó fún aró àti fún ewé tútù pẹ̀lú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, awò dúdú ni orúkọ awò ojú oòrùn. Bí ìwé bá ní kí ajórin lo awò dúdú, ta ni yóò dá a lẹ́bi bí ó bá ra ti ojú oòrùn lọ́jà? Òkùnkùn irú awò bẹ́ẹ̀ kò sì ju nǹkan bí nọ́ńbà 3 lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni òjìji. Òjìji ni ohun tí ara ń jù sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ó ń tẹ̀lé ènìyàn, kì í bo ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni ìbòòji. Ìtumọ̀ rẹ̀ dùn, inú adùn náà ni ewu rẹ̀ sì wà: ìbòòji tí ó bá pọ̀ jù ni ó ń tuni lára jù. Ẹ̀kẹrin ni ìṣíjibò, tí àwọn tí ń ka Bíbélì mọ̀ dáadáa. Òun pẹ̀lú so òkùnkùn àti ààbò pọ̀ sójú kan.

Àṣìṣe tí ó wà nínú ìbòòji àti ìṣíjibò ni pé wọ́n sọ ohun méjì tí ẹ̀rọ náà yà sọ́tọ̀ di ọ̀kan. Iye ìmọ́lẹ̀ tí ó ń kọjá ni nọ́ńbà orí kókó ń sọ. Ní ti ìbòjú tí ó bá ìlànà mu, ìdènà ìtànṣán méjì yòókù kò dúró de kókó náà rárá. Ẹni tí kò mọ èyí lè ṣìnà lọ́nà méjì. Ó lè ra dígí tí ó dúdú lásán, tí kò ní ìdènà. Ẹyinjú yóò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn òkùnkùn náà, ìtànṣán tí a kò rí yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó sì lè yí ìbòjú gidi sí 13 fún gbogbo iṣẹ́ nítorí ó rò pé òkùnkùn ni ààbò. Nígbà tí kò bá rí ojú iṣẹ́ mọ́, yóò gbé ìbòjú sókè díẹ̀ kí ó lè yọjú. Ibẹ̀ ni iná yóò ti mú un.

Nítorí náà, ìṣókùnkùn ni ó yẹ òṣùwọ̀n yìí, ìdènà ìtànṣán ni ó sì yẹ ààbò. Ìṣókùnkùn wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe ṣókùnkùn. Ó ṣeé díwọ̀n, ó ṣeé fi kún, ó ṣeé dín kù: ìpele ìṣókùnkùn 10, ìpele ìṣókùnkùn 11. Kò ṣèlérí ohun tí kò lè ṣe. Ìbòjú náà fúnra rẹ̀ á wá di ìbòjú adáṣókùnkùn, láti inú dá, tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣẹlẹ̀ láìsí olùrànlọ́wọ́, bí ó ti wà nínú dá rìn àti dá gbé.

4. Bí a ti ń yan ìpele

Láti ìpele kan sí èkejì kì í ṣe ìṣísẹ̀ kékeré. Bí a bá fi ìpele kan kún un, ìmọ́lẹ̀ tí ń kọjá yóò dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 2.7. Ìpele 4 ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 kọjá. Ìpele 10, nǹkan bí ìdá 14 nínú 100,000. Ìpele 11, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100,000.

Irú iṣẹ́ àti iye iná, tí a ń fi áńpíà díwọ̀n, ni ó ń pinnu ìpele. Fún ìjórin ọ̀pá, òfin ààbò òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìpele tí ó kéré jù lélẹ̀ báyìí: bí iná kò bá tó 60 áńpíà, 7, láti 60 dé 160, 8, láti ibẹ̀ dé 250, 10, láti ibẹ̀ dé 550, 11. Fún ìjórin oníwáyà, 10 ni láti 60 áńpíà lọ sókè. Fún ìjórin onígáàsì kábáídì, ìpele 4 dé 6 ni, gẹ́gẹ́ bí irin bá ti nípọn tó. Ààlà ni ìwọ̀nyí, wọn kì í ṣe ibùsọ̀. Ìpele tí a máa ń dámọ̀ràn fún ìjórin ọ̀pá ga jù wọ́n lọ: 10 fún 60 dé 160 áńpíà, 12 fún 160 dé 250.

Ìlànà tí ó dára jù ni kí a ti òkùnkùn bọ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Kí ajórin bẹ̀rẹ̀ láti ìpele tí ó ṣókùnkùn débi pé kò rí ojú iṣẹ́, kí ó wá máa dín in kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí irin yíyọ́ àti etí rẹ̀ kedere, kí ó má sì sọ̀kalẹ̀ kọjá ààlà. Ẹni tí ó bá ti ìmọ́lẹ̀ bọ̀ sí òkùnkùn ti fi ojú san owó ẹ̀kọ́ kí ó tó kọ́gbọ́n. Jórinjórin tí ó ń fi 100 áńpíà jó géètì lè bẹ̀rẹ̀ láti 12, kí ó sì dúró ní 11 tàbí 10. Bí àwòrán iná bá ṣì ń tàn lójú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó fi ìpele kan kún un.

5. Ìfura àti ìlọ́ra

Kókó méjì mìíràn wà lára ọ̀pọ̀ ìbòjú. Èkíní ń sọ bí iná ti gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ tó kí ìbòjú tó dáhùn. Àwọn àgbà ti ní ìfura loògùn àgbà. Ìfura ni orúkọ rẹ̀, ojú-afura sì ni ojú kéékèèké iwájú ìbòjú. Iná tí kò lágbára ń fẹ́ ìfura púpọ̀; bí oòrùn tàbí iná ajórin mìíràn bá ń ṣi dígí lọ́nà, a ó dín in kù. Èkejì ń sọ bí dígí yóò ti pẹ́ tó nínú òkùnkùn lẹ́yìn tí iná bá kú. Ìlọ́ra ni èyí. Iná ńlá ń fẹ́ ìlọ́ra gígùn, nítorí irin yíyọ́ ṣì ń tàn. Iṣẹ́ tí a ń kàn díẹ̀díẹ̀ ń fẹ́ kúkúrú.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a nu ojú-afura, kí a tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò tàbí kí a kọjú ìbòjú sí oòrùn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣókùnkùn. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, kí a má lò ó. Àwọn kan ní ipò fún lílọ irin, níbi tí dígí kì í ti í ṣókùnkùn rárá. Kí a rí i pé kókó kò sí níbẹ̀. Àmì Z87 lára ìbòjú ń tọ́ka sí ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó di irin mú, oníbàárà tí ó dúró tì í, ọmọdé tí ń kọjá lọ, ojú tiwọn pẹ̀lú ń gba ìtànṣán. Ó yẹ kí aṣọ ìdábùú wà láàárín. Ẹni tí ojú bá ń ta ní òru, kí ó lọ rí dókítà, kí ó má ṣe máa kán oògùn tí ń mú ojú kú sí i kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó láti fi kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Kò yẹ kí ti ọmọ-iṣẹ́ inú ìsọ̀ kéré sí ìyẹn. Bí ó bá tún béèrè pé, ‘Ọ̀gá, nọ́ńbà wo?’, ìdáhùn wà báyìí ní èdè rẹ̀: ‘Áńpíà mélòó lo fẹ́ fi jó o? Bó bá jẹ́ 100, bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìṣókùnkùn 12, kí o máa bọ̀ wálẹ̀. Má kọjá 8. Ìṣókùnkùn ló ń jẹ́ kí o ríran. Ìdènà ìtànṣán ló ń ṣọ́ ojú rẹ.’