Ẹ Yẹ Fóònù Wò Kí Ẹ Tó Dá Ọmọ Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ìwé ìdílé lọ́tẹ̀ yìí dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ti ń da ilé rú láàrin wa.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa ní Pobè níbí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kò sí ọjọ́ Àìkú tí ọmọ náà kì í pe ìyá rẹ̀ lẹ́yìn Mísà. Ní ìparí ọdún 2024, ìpè dáwọ́ dúró lójijì. Owó ìpè sí Nàìjíríà wọ́n lójú ìyá, nítorí náà ó ń ta fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ń pa á, ohun tí a ń pè ní "biper". Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá kú, wọ́n sin ín, ọmọ kò yọjú. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ọgbà ìjọ pé ọmọ òun ti kọ òun sílẹ̀, pé ìyàwó rẹ̀ ló ní kí ó ti ilẹ̀kùn fóònù mọ́ òun. A gbọ́ ọ, a mi orí, a sì bá a dárò. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wo fóònù yín."

Nígbà tí ọmọ náà wálé fún ọdún Àjíǹde, òun náà ń bínú. Ó ní ìyá á biper òun, bí òun bá sì pè é padà, ìyá á pa á mọ́ òun lójú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin gba fóònù méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ó bá kókó méjì nídìí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan ní fóònù Èkó, ọ̀kan ní fóònù Pobè.

Kókó kìn-ín-ní ni nọ́mbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọjọ́ Sátidé tó ṣíwájú ọjọ́ Àìkú kìn-ín-ní ìgbà Bíbọ̀ Olúwa, nọ́mbà fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní oní-8, ó di oní-10. 01 ni wọ́n fi síwájú, ìbáà ṣe MTN, Moov tàbí Celtiis. Nọ́mbà tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 97 tẹ́lẹ̀ di 01 97. Ẹni tó ń pè láti òkèèrè yóò tẹ +229, yóò tẹ 01, kí ó tó tẹ 8 àtijọ́. Níbí ni àwọn ènìyàn wa ní Nàìjíríà ti ń ṣìnà. Bí a bá fẹ́ pe 0803 tiwọn láti ọ̀dọ̀ wa, a ó yọ òdo kúrò, yóò di +234 803. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà rí, wọ́n sì ń tẹ +229 1. A kì í yọ òdo tiwa. Bí ọmọ ìyá yìí ṣe kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìyẹn, ìpè rẹ̀ kò sì dé ibì kankan.

Kókó kejì: bí ìyá bá biper, nọ́mbà tó pé ló ń hàn ní Èkó. Kí ló dé tí ìpè àpèpadà kò wọlé? Ọmọ-ọmọ kan ti fi fóònù ìyá ṣeré, ó sì ti tẹ ibi tí kò yẹ. Nọ́mbà Èkó wọ inú àwọn tí fóònù kò gbọdọ̀ gbà. Ẹni tí a dínà mọ́ báyìí kò lè pè wá, ṣùgbọ́n àwa lè pè é. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó sábà máa ń dún lẹ́ẹ̀kan kí ó tó gé. Lọ́dọ̀ tiwa, a kò ní gbọ́ ohunkóhun.

Nítorí náà, bí ìpè ẹnì kan kò bá wọlé mọ́, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe ara yín. Bí ó bá dún, ọ̀ràn náà kò kọjá nọ́mbà ẹnì kan yẹn. Bí kò bá dún, ẹ máa bá àyẹ̀wò lọ.

2. Ẹ wo òkè fóònù. Bí àmì ọkọ̀ òfuurufú bá wà níbẹ̀, "Mode Avion" ni; kò sí ìpè tó lè wọlé. Bí àmì òṣùpá bá wà níbẹ̀, tàbí àmì róbótó tó ní ìlà láàrin, "Ne pas déranger" ni; fóònù kò ní dún. Púpọ̀ nínú wa ló ń tẹ èyí nígbà Mísà, tí a ń gbàgbé rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

3. Ẹ ṣí ibi tí a ti ń pe ènìyàn, ẹ wá "Paramètres", lẹ́yìn náà "Numéros bloqués". Ẹ yọ orúkọ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

4. Àwọn fóònù kan wà tí a lè pàṣẹ fún kí wọ́n má gba ìpè ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú wọn. Bí nọ́mbà àtijọ́ tí kò ní 01 bá ṣì wà nínú fóònù yín, ó lè má dá ọ̀rẹ́ yín mọ̀. Ẹ tún gbogbo nọ́mbà kọ.

5. Bí ìpè yín bá ń lọ sí fóònù ẹlòmíràn, ẹ tẹ ##002#, kí ẹ sì pè é. Ó máa ń fagi lé ìyípadà ìpè.

6. Ẹ pa fóònù, kí ẹ tún un tàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ààlà, ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lójú fóònù: nígbà mìíràn fóònù ti gba ìgbì Nàìjíríà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Bí ẹ kò bá lè kàwé, ẹ pe ọ̀dọ́ kan tí ẹ fọkàn tán nínú ìjọ. Ẹni tó ń bá yín tún èyí ṣe kò nílò kóòdù owó yín rárá. Ẹ má sọ ọ́ fún un. Bí aláìsàn bá sì wà nílé tó ń fẹ́ ìfòróróyàn, tí ìpè sí Fadá kò wọlé, ẹ má jókòó ti fóònù. Ẹ rán ọmọ lórí zémijan kíákíá.

Ẹ̀yin ará, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì, ní ìpínrọ̀ 2478, lábẹ́ òfin kẹjọ, kọ́ wa pé kí a máa fi ojú rere túmọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣe ọmọnìkejì wa bí a bá ti lè ṣe é tó. Àwa tí a mi orí nínú ọgbà ìjọ kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ba orúkọ ìyàwó ọmọ náà jẹ́, obìnrin tí kò mọ nǹkan kan. A ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè dá ìsìnkú tó ti kọjá padà. Ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ lọ sí ibojì pọ̀, wọ́n gbàdúrà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn Mísà, fóònù ìyá dún. Ó sáré jáde sábẹ́ igi kí ó lè gbọ́ dáadáa.

Lónìí, bí ẹ bá délé, ẹ mú fóònù àwọn àgbà ilé yín, ẹ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Olúwa kí ó wà pẹ̀lú ìdílé yín.