Àìsàn kíndìnrín tí kò nídìí tó hàn: Inú ìfun ló lè ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àìsàn kíndìnrín rí. Ẹlòmíràn wà tí òkúta máa ń dì sínú kíndìnrín rẹ̀ léraléra, tí ẹ̀gbẹ́ yóò máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún un. Ti ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí nínú ìtọ̀ rẹ̀, tàbí kí ìtọ̀ náà máa hó bí ọṣẹ, nítorí pé èròjà amúaradàgbà tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìtọ̀ jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, kò ga. Wọ́n wá kòkòrò àrùn nínú ìtọ̀, wọn kò rí i. Níkẹyìn, wọn á ní àwọn kò mọ ohun tó fà á.

Ṣùgbọ́n ìdí lè wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ronú dé. Ọ̀kan lára irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni àrùn kan tó ń bá ìfun jà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní celiac. Kì í ṣe òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn kíndìnrín. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní in tí kò mọ̀, oúnjẹ tó fi ń ṣínu láràárọ̀ lè jẹ́ ohun tó ń pa á lára.

Kí ni àrùn celiac?

Nínú àlìkámà, ìyẹn ọkà tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun búrẹ́dì, èròjà amúaradàgbà kan wà tó ń jẹ́ gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò máa fà, kó sì wú dáadáa. Irú rẹ̀ wà nínú ọkà báálì àti ọkà ráì pẹ̀lú. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn gba gluten láìsí wàhálà. Ti ẹni tó ní celiac kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gluten bá ti dé inú ìfun rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó ń dáàbò bo ara yóò kà á sí ọ̀tá, wọn yóò sì dojú ìjà kọ ìfun fúnra rẹ̀.

Inú ìfun kékeré kò dán bí inú páìpù. Ohun tíntìntín tó dà bí irun aṣọ ìnura ló bo gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìjà yìí ló ń jẹ irun náà run títí ibẹ̀ yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni náà lè jẹun yó, kí ebi sì máa pa ara rẹ̀. Lára àmì rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, inú wíwú, ara rírù, àárẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí inú kò yọ lẹ́nu rárá, èyí ló sì ń jẹ́ kí àrùn náà fara pamọ́ pẹ́. A máa rìn nínú ẹbí: bí ẹnì kan bá ní in, ó yẹ kí wọ́n yẹ òbí, ọmọ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé búrẹ́dì ni

Ní ọdún 1888, Samuel Gee, dókítà kan ní London, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí àrùn yìí ń bá fínra. Ó sọ pé bí ìwòsàn yóò bá wà, nípa oúnjẹ ni yóò fi wá, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Willem Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, ló tú àṣírí rẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń fura sí àlìkámà. Nígbà tí ìyàn mú nílẹ̀ náà ní àsìkò òtútù ọdún 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, ńṣe ni ara àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí ń yá nígbà tí ebi ń pa gbogbo ìlú. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ní ọdún 1950, Dicke gbé ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht.

Báwo ló ṣe kan kíndìnrín?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti òkúta. Nínú àwọn oúnjẹ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀pà àti tíì, èròjà kan wà tó ń jẹ́ oxalate. Nínú ìfun tí ara rẹ̀ dá, calcium, ìyẹn èròjà tó ń mú kí egungun le, yóò so mọ́ oxalate, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò sì bá ìgbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìfun tí celiac ti bà jẹ́ kò lè fa ọ̀rá bó ṣe yẹ. Ọ̀rá tó kù sílẹ̀ yóò gbá calcium mú, oxalate yóò sì wà láìsí ohun tí yóò dè é. Yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò dé kíndìnrín, yóò bá calcium tó wà nínú ìtọ̀ pàdé, àwọn méjèèjì yóò sì di òkúta. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá tún ń fa omi ara gbẹ, ìtọ̀ yóò kéré, yóò sì ki, òkúta yóò sì tètè dì.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ọmọ ogun ara. Ara a máa pèsè ohun ìjà kan tí wọ́n ń pè ní IgA, èyí tó ń ṣọ́ ìfun. Nínú àwọn kan, IgA yìí a máa lọ lẹ̀ mọ́ àwọn asẹ́ wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín, ibẹ̀ yóò wú, ẹ̀jẹ̀ àti amúaradàgbà yóò sì máa jò sínú ìtọ̀. Àwọn oníwádìí ti rí i pé àìsàn yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ní celiac ju àwọn tí kò ní in lọ. Ọ̀nà kẹta ni pé celiac àti irú àtọ̀gbẹ tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré máa ń rìn pọ̀, àtọ̀gbẹ sì jẹ́ ọ̀tá kíndìnrín.

Ní ọdún 2012, àwọn oníwádìí ilẹ̀ Sweden gbé àbájáde wọn jáde lórí àwọn ènìyàn 29,050 tí wọ́n ti yẹ ìfun wọn wò tí wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n ní celiac. Wọ́n rí i pé ewu kí kíndìnrín dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 ti àwọn tí kò ní in. Síbẹ̀, 90 péré ló bá ara wọn nípò yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ewu náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ẹnì kan nínú 100 ló ní celiac. Ẹni tó bá rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló wà fún, kó wo ilẹ̀ Áfíríkà yìí kan náà. Ní ọdún 1999, àwọn oníwádìí kéde pé nínú nǹkan bí 1,000 ọmọ Saharawi, àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, ó lé ní 5 nínú 100 tó ní àrùn náà.

Lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti wíwú àwọn asẹ́ kíndìnrín ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù ní Nàìjíríà, àwọn wọ̀nyí ló sì yẹ kí dókítà kọ́kọ́ wá. Ìgbà tí wọ́n bá wá wọn tì ni ọ̀rọ̀ celiac kàn, pàápàá bí inú bá ń yọni lẹ́nu tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára.

Àyẹ̀wò kọ́kọ́, kí a tó ṣíwọ́ búrẹ́dì

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fi àmì hàn, dókítà lè gba ọ̀nà ọ̀fun ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ dé ìfun, kó mú díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ wò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á ti ṣíwọ́ búrẹ́dì kí wọ́n tó lọ. Bí gluten kò bá sí nínú ara mọ́, ìjà náà yóò rọlẹ̀, àyẹ̀wò sì lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Títí àyẹ̀wò yóò fi parí, kí onítọ̀hún máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Kó má sì fi àgbo tàbí oògùn ara ríro bí ibuprofen pa ẹ̀gbẹ́ tó ń ro ó lẹ́nu mọ́, nítorí wọ́n lè dá kún ìyà kíndìnrín.

Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀

Kò sí oògùn tó ń wo celiac sàn. Ohun tó ń wò ó ni kí ẹni náà yàgò fún gluten títí ayé rẹ̀. Búrẹ́dì, bisikíìtì, kéèkì, núdù, pọ́fùpọ́fù, sẹmó àti òkèlè àlìkámà tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ń jẹ kò sí fún un mọ́, títí kan bíà àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ọkà báálì ṣe. Ohun tó kù kò kéré: iṣu, àmàlà, gàrí, láfún, ẹ̀kọ, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹran, ẹja àti ẹyin. Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ àlìkámà kí wọ́n tó da èlùbọ́ tirẹ̀ sí i, àti òróró tí wọ́n ti fi dín pọ́fùpọ́fù kí wọ́n tó fi dín dùǹdú.

Bí ìfun bá ti ń san, yóò máa fa ọ̀rá bó ṣe yẹ, ewu òkúta yóò sì dínkù. Omi mímu dáadáa ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n apá kíndìnrín tó bá ti kú kì í jí padà, yíyàgò fún gluten kò sì gba ipò oògùn tí dókítà kíndìnrín kọ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi gbọ́dọ̀ tètè wáyé. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé a kò mọ ohun tó ń ṣe kíndìnrín rẹ̀, kó sọ gbogbo bí inú ṣe ń ṣe é fún dókítà, kó sọ bí ẹbí rẹ̀ kan bá ní irú rẹ̀ rí, kó sì béèrè bóyá wọ́n ti yẹ òun wò fún celiac. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.