Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Àwo Orin Àtijọ́ Ṣe Kí Ohùn Rẹ̀ Lè Yí Olùgbọ́ Ká

Ní ọdún 1967, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí The Beatles gbé àwo Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band jáde. Ìlà ohùn mẹ́rin péré ni téèpù tí wọ́n lò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kún, wọn a pa wọ́n pọ̀ sórí téèpù mìíràn kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Ohùn tí a bá pa pọ̀ báyìí ṣòro láti yà sọ́tọ̀ mọ́, kò sì ní dán tó ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n wọn kò da àwọn téèpù àkọ́kọ́ nù. Ní ọdún 2017, Giles Martin, ọmọ George Martin tí ó darí iṣẹ́ náà níjọ́ọjọ́un, padà sí ìdí wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín ohùn náà fún sípíkà mẹ́fà: mẹ́ta níwájú olùgbọ́, méjì lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹyọ kan fún ohùn tí ó rinlẹ̀.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fọwọ́ kan iṣẹ́ àwọn tí ó ti lọ? John Lennon kú ní ọdún 1980, George Harrison ní 2001, George Martin ní 2016. Ọ̀nà tí ọmọ náà tọ̀ ni pé ó fi àwo olóhùn kan ti 1967, èyí tí àwọn olórin náà kópa nínú rẹ̀ jù lọ, ṣe atọ́nà. Àwo àtijọ́ náà sì wà síbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe kánjú da téèpù àtijọ́ nù. Èyí tí a bá ti sọ nù kò ní àtúnṣe.