Ṣọ́ọ̀kì Alùpùpù: Líle Kọ́ Ni Dídára

 

Nínú àwọn tí ń gba ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń fi owó náà ra alùpùpù. Máṣìnì yìí ló ń kó iṣu, ẹ̀gẹ́, epo pupa àti káṣú láti oko wá sí Iffe, òun náà ló ń kó wọn dé Kàbà. Bí máṣìnì bá dúró, owó dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó kì í dúró. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ṣọ́ọ̀kì lóṣù yìí, àti ohun tí olúkúlùkù lè ṣe sí i nílé kí ó lè dára sí i.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti kàgbákò rẹ̀ rí. Nígbàkígbà tí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì, ẹ̀yìn máṣìnì mi a máa rì wọlẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi fi sípírìǹgì tó le sí i, inú mi sì dùn. N kò wo iwájú rárá, níbi tí ọ́ìlì ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo wọ kòtò. Ẹ̀yìn ta mí sókè, iwájú rì, ó sì ń fò gbọ̀n-gbọ̀n, ni mo bá ṣubú. Epo dà nù, orúnkún mi bó. Owó epo náà ni mo fẹ́ fi san ẹ̀yáwó oṣù yẹn. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

IṢẸ́ MÉJÌ NI Ó Ń ṢE

Sípírìǹgì ló ń gbé ẹrù. Bí táyà bá gun òkúta, òun ló ń fún pọ̀ kí ìyà náà má bàa dé ẹ̀yìn wa. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fún pọ̀ fẹ́ ta padà. Bí kò bá sí ohun tó dá a lẹ́kun, á máa fò bí bọ́ọ̀lù. Táyà tí ń fò kò kanlẹ̀ dáadáa, èyí tí kò bá sì kanlẹ̀, bíréèkì kò lè ràn án.

Ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ló ń dá sípírìǹgì lẹ́kun. Ihò kéékèèké ni ọ́ìlì náà ń gbà kọjá, kò sì rọrùn fún un láti kọjá kíá. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí sípírìǹgì ta padà pẹ̀lú agbára. Ẹ rántí òwe àwọn bàbá wa: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Àwọn Jámánì tí ń ṣe BMW ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹsẹ̀ iwájú ọlọ́ìlì yìí fún títà lọ́jà, lára R12 àti R17, ní 1935. Ọgbọ́n kan náà ló wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú máṣìnì tí à ń gùn lónìí.

Nítorí náà, ẹni tó bá mú sípírìǹgì le tí kò wo ọ́ìlì, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe.

Ẹ KỌ́KỌ́ YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fi géèjì wọn atẹ́gùn inú táyà. Táyà tó le jù a máa ṣe bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì ló bàjẹ́.

2. Ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ tẹ ọwọ́ máṣìnì wọlẹ̀ gidi, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó gbéra lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dúró. Bí ó bá ń fò léraléra, ọ́ìlì ti tán tàbí ó ti gbó.

3. Ẹ fi ìka nu ara irin dídán iwájú àti ara ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ọ́ìlì-síìlì ti já. Bí ọ́ìlì yìí bá dé ara bíréèkì, ewu ńlá ni.

4. Ẹ gbé máṣìnì sórí sítáǹdì ńlá, kí ẹ mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, ó lè jẹ́ búùṣì ló ti jẹ. Ṣọ́ọ̀kì tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ FI TÉPÙ WỌ̀N Ọ́N

Lórí sítáǹdì ńlá, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò kanlẹ̀, ẹ wọ̀n láti nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ sókè dé ibi tí ẹ sàmì sí lábẹ́ ìjókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ máṣìnì kalẹ̀, kí ẹ gùn ún pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé, kí ẹlòmíràn sì tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ó ti rì. Kó má ju bí ìdá mẹ́ta gbogbo ìrìn rẹ̀ lọ, èyí tí ìwé tó bá máṣìnì wá máa ń sọ. Bí gbogbo ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ 10 sẹ̀ntímítà, 3 dára. Bí ó bá rì tó 5, ó ti pọ̀ jù.

Lára ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, òrùka onípele kan wà. Ẹ yí i sókè ní pele kan, ọ̀tún àti òsì bákan náà, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Òrùka yìí kò sọ sípírìǹgì di líle o, ṣe ló ń gbé máṣìnì sókè. Bí ẹ bá dé pele tó kẹ́yìn tí ó ṣì ń rì, ẹrù yín ti ju agbára sípírìǹgì lọ. Ẹ dín ẹrù kù, tàbí kí ẹ ra èyí tó gbé e.

Ọ́ÌLÌ ẸSẸ̀ IWÁJÚ

Ẹ fi pákó ti abẹ́ ẹ́ńjìnì kí ẹsẹ̀ iwájú gbéra nílẹ̀, kí ẹnì kan sì di máṣìnì mú. Ẹ tú ọmọrí òkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má gbé ojú lé e, nítorí sípírìǹgì lè ta jáde. Máṣìnì tó ní nọ́ọ̀tì kékeré nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti da ọ́ìlì àtijọ́ jáde sínú agolo, kì í ṣe sínú gọ́tà. Èyí tí kò ní in, àti èyí tí síìlì rẹ̀ já, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

Ẹ lo ọ́ìlì tí ìwé máṣìnì bá dárúkọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ki jù a máa sọ iwájú di igi. Ẹ fi ife wọ̀n ọ́n kí ẹsẹ̀ méjèèjì gba iye kan náà. Ẹ má dà á kún dé ẹnu: atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ní àyè lókè, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ síìlì á bẹ́.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA TUNTUN

Méjì ni kí ẹ rà pọ̀, kí gígùn wọn sì bá ti àtijọ́ mu láti ihò dé ihò. Èyí tó gùn jù á gbé ìdí máṣìnì sókè, á sì yí bí ó ṣe ń kọrí padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ wo bí ṣéènì ṣe fà àti ibi tí iná iwájú kọjú sí. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́ẹ̀dà jó irin mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ẹ má sì tú u, nítorí inú òmíràn ní gáàsì tó há mọ́ ọn pẹ̀lú agbára. Ẹ má sì gbàgbé pé ṣọ́ọ̀kì líle kò fi kún agbára bíréèkì tàbí férémù.

Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́

Ẹsẹ̀ iwájú máṣìnì kékeré kan kì í sábà gba ìdámẹ́rin lítà. Lítà kan á tó máṣìnì méjì, ó kéré tán. Kí ló dé tí olúkúlùkù yóò fi máa dá ra tirẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á dáwó jọ ra ọ́ìlì, ife ìwọ̀n àti tépù kan, kí a sì máa yẹ máṣìnì ara wa wò lọ́jọ́ ìpàdé. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, bí a bá fi wé epo tó dà nù lójú títì.

Ẹ máa rọra o. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lọ, á ṣọ́ wa bọ̀.