Ọ̀rọ̀-ìṣe "ńbẹ": Ìtumọ̀, Àkọtọ́ àti Orírun Rẹ̀

Lẹ́yìn ọkọ̀ èrò tí ń ná Agége sí Ìkẹjà àti Ọjọ́dù, gbólóhùn kan wà tí ojú ti mọ́: èyí tí ó ń rán ará ayé létí pé Ọlọ́run wà. Ẹnìkan a kọ ọ́ ní OLORUN MBE. Ẹlòmíràn a kọ ọ́ ní OLORUN NBE. Òmíràn a fi àlàfo sí àárín N àti BE. Àìsí àmì kò ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Àdúgbò tí pátákó ojú títì ń kọ ní Omole, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí lẹ́nu ará ibẹ̀ kò lè fi ìdánilójú pè é. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kọjá àìsí àmì. Àwọn tí ó ń fi àmì síbẹ̀ pàápàá kò fẹnu kò. Ìwé kan náà lè kọ ọ́ ní "ń bẹ" lójú ewé kan, kí ó kọ ọ́ ní "ńbẹ" lójú ewé kejì. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́, ibi tí ó ti wá, àti bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: "wà" ni. Síbẹ̀ wọn kì í ṣe àrọ́pò ara wọn níbi gbogbo. Bí ẹnìkan bá bi ìyá tí ń tajà ní ọjà Agége bóyá ẹyin wà, "Ó wà" ni yóò fi dáhùn. Bí ó bá dáhùn pé "Ẹyin ń bẹ," ẹ̀rín ni yóò pa oníbàárà, nítorí yóò dà bí ẹni pé orí àga ìwàásù ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn àdúrà, ohùn oríkì, ohùn àgbà tí ń pìtàn ọba kan tí ó jẹ láyé àtijọ́, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kù sí. Ó ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ yé.

Ohun tí ó mú un yàtọ̀ jù ni pé aláìpé ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù a máa bá onírúurú atọ́ka rìn: Adé lọ, Adé ti lọ, Adé yóò lọ, Adé kò lọ. "Ńbẹ" kò lè ṣe èyí. A kì í sọ pé "Adé bẹ" láti fi hàn pé Adé wà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ pé "Adé yóò bẹ". "Adé yóò wà" ni. Bí a bá fẹ́ yí i sódì, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ni a máa ń yá, èyíinì ni "sí": "Adé kò sí." "Sí" náà sì rèé, aláìpé bíi tirẹ̀ ni, nítorí a kò lè yọ "kò" kúrò kí a wí pé "Adé sí." Bí a bá tún fẹ́ sọ ọ́ di orúkọ, "wíwà" àti "àìsí" ni ó wà nílẹ̀, "bíbẹ" kò jẹ́ ti ìtumọ̀ yìí rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wá pín iṣẹ́ ẹyọ kan ṣe láàárín ara wọn, tí ẹ̀kan ń gbé ibi tí èkejì já sí.

Irú rẹ̀ wà lédè mìíràn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà, "quoth", tí ó túmọ̀ sí "wí", ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù tí a fi ń lò ó: ohun tí ó ti kọjá. Ẹ̀yà rẹ̀ yòókù ti kú, àfi gbòǹgbò rẹ̀ tí ó sá pamọ́ sínú "bequeath", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ nípa ogún tí olóògbé fi sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fi ìyẹn dààmú nípa àkọtọ́ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ti Yorùbá ni ó mú àríyànjiyàn lọ́wọ́.

Nínú àwọn ìwé tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a máa ń so sílébù aránmú tí ó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ọn: nlọ, nwá, nṣe. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b, àrànmọ́ a sọ n di m: mbọ̀, mbá, mbẹ. Ìpàdé tí ó wáyé ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ kò tú ìsopọ̀ yìí ká, bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì odindi tí ó jáde ní 1884 ṣe gbà á. "Mbẹ" ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa nínú rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ kà lójú ìwé. Ohun tí àwọn atúmọ̀ náà ṣe ní orí kìíní Ìfihàn fi hàn pé wọ́n mọ ibi tí agbára ọ̀rọ̀ náà mọ. Níbi tí wọ́n ti ń sọ nípa Ọlọ́run ní ìgbà mẹ́ta, "mbẹ" ni wọ́n lò fún ìsinsìnyí. Nígbà tí ó kan èyí tí ó ti kọjá, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n mú "wà".

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà yàn ní 1966, àti àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní 1974, ni ó yí èyí padà. Atọ́ka ibá atẹ́rẹrẹ di ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró: "nlọ" di "ń lọ", "mbọ̀" di "ń bọ̀". Ìpinnu dáadáa ni, nítorí "lọ" àti "bọ̀" ní ìgbé ayé tiwọn láìsí ń. Ṣùgbọ́n "mbẹ" bá wọn wọ inú ọkọ̀ kan náà, ó di "ń bẹ", láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ọmọ ìdílé náà ni.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ ìdílé náà nígbà kan. Lọ́nà kìíní, ohùn òkè ni ń inú rẹ̀ ní, gẹ́gẹ́ bí ti atọ́ka ibá atẹ́rẹrẹ. Lọ́nà kejì, nínú "Ọmọ́ lọ", ohùn òkè a máa gun ìparí olùwà. Kì í gùn ún nínú "Ọmọ ń lọ", kì í sì í gùn ún nínú "Ọmọ ń bẹ". Èyí kì í ṣe ẹ̀rí kékeré. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n so "bẹ" pọ̀ mọ́ "ibẹ̀", nítorí pé ohun tí ó wà gbọ́dọ̀ wà níbìkan. Ìyẹn dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn àárín ni ti "bẹ", ohùn ìsàlẹ̀ ni ti "ibẹ̀", kò sì sí òfin kan tí ó ṣàlàyé bí ọ̀kan ṣe di èkejì.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ sí ibi tí ó dé. Bí ń bá jẹ́ atọ́ka lónìí, ó yẹ kí ó ṣeé yọ kúrò nínú ìyísódì, bí "Adé ń lọ" ti ń di "Adé kò lọ". "Adé kò bẹ" kò sí. Ó yẹ kí "wà" náà lè gbà á, nítorí ìtumọ̀ kan ni wọ́n; a kì í sì í sọ pé "Adé ń wà." Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tòótọ́ ni "ńkọ́", bí a ti ń bèèrè pé "Ìyá ńkọ́?" Ń ti inú ìyẹn náà kò ṣeé yọ, ohùn òkè kì í gun olùwà rẹ̀, "kọ́" kò sì ní ìtumọ̀ yẹn bí ó bá dá wà. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń kọ "ńkọ́" pọ̀ láìjanpata. Ohun tí ó tọ́ sí "ńkọ́" tọ́ sí "ńbẹ".

Àlàfo kan ṣoṣo yìí ní ẹni tí ó ń ni lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí "ń bẹ" nínú ewì, tí a sì ti kọ́ pé ń jẹ́ atọ́ka, yóò ṣí ìwé atúmọ̀-èdè sí abẹ́ B. Yóò rí "bẹ̀" ti ẹ̀bẹ̀, "bẹ́" ti bíbẹ́ orí, àti "bẹ" tí a fi ń bẹ iṣu, èyí tí ohùn rẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Yóò wá rò pé iṣu tí ewì sọ pé ó ń bẹ, ọ̀bẹ ni ó mú lọ́wọ́. Bí a bá kọ ọ́ pọ̀, abẹ́ N ni yóò wá a lọ, kò sì ní pàdé ọ̀bẹ níbẹ̀.

Ti orúkọ ènìyàn kò ṣeé tún kọ mọ́. Dókítà A. I. Olorun-Nimbe ni olórí ìlú Èkó láti 1950 sí 1953, òun nìkan sì ni ó jẹ oyè "Mayor" níbẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ pa m àtijọ́ náà mọ́ títí di òní. Nítorí pé kò ní àmì, ojú ìwé nìkan kò lè sọ fún àlejò bóyá Ọlọ́run ni ó wà, tàbí Ọlọ́run ni ẹnìkan bẹ̀. Etí tí ó gbọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ náà ni ó mọ̀ ọ́n.