Láàárín Wíwo Ilé àti Wíwó Ilé: Èdè-Ìperí fún Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ilé

1. Ìfáárà

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wo ilé àti wó ilé. Ẹni tí ó wo ilé fi ojú kàn án láti mọ bí ó ti rí. Ẹni tí ó wó ilé sọ ọ́ di àlàpà. Nínú ìwé tí a kò fi àmì sí, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ sí ara wọn. Nínú ọkàn ọ̀pọ̀ onílé pẹ̀lú, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: bí àlejò kan bá mú ìwé àti gègé lọ́wọ́ tí ó ń yí ilé ká, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí onílé lọ́kàn ni pé ẹni tí ó wá wo ilé lónìí ni yóò wá wó o lọ́la.

Ìbẹ̀rù yìí ní ìtàn. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ti ń wọ agboolé ní ìlú Yorùbá. Wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń wo ṣáláńgá, wọ́n ń wo ààtàn. Ẹni tí ó bá sì jẹ̀bi lè dé ilé-ẹjọ́, kí ó san owó ìtanràn. Wolé-wolé ni àwọn ènìyàn sọ wọ́n. Orúkọ náà dára, ó sì bá òfin èdè mu, ṣùgbọ́n ìmọ́tótó ni wolé-wolé ń wò, kì í ṣe agbára ilé. Ilé tí ó mọ́ tónítóní lójú rẹ̀ lè jẹ́ ilé tí ó fẹ́ wó.

Àlàyé tí àpilẹ̀kọ yìí ṣe dá lórí ohun tí àyẹ̀wò ilé láti ọwọ́ onímọ̀ jẹ́, àwọn ẹ̀yà ilé tí ó kàn, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti olùtumọ̀ lè fi sọ ọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti mú àpẹẹrẹ jù lọ. Kókó rẹ̀ ni pé bí orúkọ àbùkù kan kò bá yàtọ̀ sí ti èkejì, onílé kò ní mọ èyí tí ó yẹ kí ó fi ọ̀dà kùn àti èyí tí ó yẹ kí ó sá fún.

2. Ohun tí àyẹ̀wò ilé jẹ́

Àyẹ̀wò ilé ni kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yẹ ilé wò láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, láì gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, láì dá ògiri rẹ̀ lu, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, ó sì ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti 1976. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ onímọ̀-ẹ̀rọ ilé, ayàwòrán ilé, akọ́lé àti adíyelé ni ó pín sí. Òfin 1975 ni ó gbé ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ adíyelé sílẹ̀ kalẹ̀; Àkójọ Ìlànà Ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè sì jáde ní 2006.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùtumọ̀ yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Èkíní ni ìfọwọ́sí, èyí tí ilé-iṣẹ́ ètò ìlú ń ṣe sí àwòrán ilé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Èkejì ni ìdíyelé, èyí tí ń sọ iye tí ilé tó lọ́jà. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò, èyí tí ń sọ ipò tí ilé wà. Ilé kan lè ní ìwé ìfọwọ́sí, kí iye rẹ̀ sì ga nítorí pé ó wà létí títì, síbẹ̀ kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ máa rì. Ìwé tí ó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àyẹ̀wò ti tan ẹni tí ó fẹ́ ra ilé náà. Bákan náà ni ọ̀ràn ìwé ilẹ̀: bóyá ẹni tí ń ta ilé ni ó ni ín, iṣẹ́ agbẹjọ́rò nìyẹn.

3. Orúkọ òṣìṣẹ́ náà

Wolé-wolé ti ní oníṣẹ́ tirẹ̀. Kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá iṣẹ́ yìí mu ni yẹ̀ … wò, tí ó túmọ̀ sí kí a fi ara balẹ̀ wo nǹkan láti mọ bí ó ti rí. Láti ara rẹ̀ ni àyẹ̀wò ti wá. Bí ilé bá bọ́ sáàárín rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ orí yẹ̀ a di ohùn àárín, gẹ́gẹ́ bí rà ti ń di ra nínú ralé: yẹ ilé wò, yẹléwò. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- kún un, a ó ní ayẹléwò. Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí ni pé, bí a kò tilẹ̀ fi àmì sí i, kò sí ẹni tí yóò kà á bí ẹni tí ń wó ilé.

4. Ilé tí a mọ àti ilé tí a kọ́

Kí ayẹléwò tó sọ ohun tí ó ṣe ilé, ó gbọ́dọ̀ mọ irú ilé tí ó jẹ́. Èdè Yorùbá ti ṣe ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ilé alámọ̀ ni a ń mọ: a ó po ilẹ̀ pẹ̀lú omi, a ó fi ẹsẹ̀ gún un, a ó sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan gbẹ kí a tó gbé èkejì lé e. Ilé búlọ́ọ̀kù ni a ń kọ́. A kì í mọ ọ́n. Ọmọlé ni ó ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, bíríkìlà ni ó ni èkejì. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Òjò tí ń ta sí ìdí ògiri amọ̀ ni ó sábà ń pa á. Ìpìlẹ̀ tí kò jinlẹ̀ tó, búlọ́ọ̀kù tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò pọ̀ tó, àti irin tí ó ti dípẹtà ni ó sábà ń pa ilé búlọ́ọ̀kù.

Ní Ọ̀yọ́, tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà láàárín ọdún 1830 sí 1840, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin, ọdún Bẹẹrẹ sì ni àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin ń mú koríko náà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọdún yìí gẹ́gẹ́ bí ìsìn fún ọba, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ mìíràn fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé. Ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ koríko gbọ́dọ̀ gun òrùlé. Ẹni tí ó gun òrùlé kò sì ní ṣàì rí igi tí ikán ti jẹ àti orí ògiri tí omi ti wọ̀. Àyẹ̀wò wà nínú àtúnṣe. Nígbà tí páànù dé, ogún ọdún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. Nígbà tí símẹ́ǹtì dé, a fi rẹ́ ara ògiri amọ̀, ojú ògiri náà sì fara pamọ́. Ohun tí ilé ń sọ fún onílé tẹ́lẹ̀ láì bẹ̀ ẹ́, ó di ohun tí a ń bẹ onímọ̀ kí ó wá gbọ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀ràn mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ni ó ṣòwò ní Òkè Ọya àti ní Gáná, kí òfin tí ó jáde níparí 1969 tó lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gáná. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ a máa fi owó ránṣẹ́ sílé kí ẹbí bá a kọ́lé. Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíńtọ́lá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún un, olówó rẹ̀ sì lè máà gbé ní ìlú náà rárá. Ìjábọ̀ àyẹ̀wò ni ojú onílé tí kò sí nílé. Bí ìjábọ̀ náà bá kàn sọ pé “ògiri là”, ojú náà fọ́.

5. Àwọn ẹ̀yà ilé tí àyẹ̀wò kàn

Láti ìta ni ayẹléwò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń wo ibi tí omi òjò ń ṣàn gbà, bóyá ó ń lọ kúrò lára ilé tàbí ó ń dúró sí ìdí ògiri. Ó ń wo ìpìlẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti ṣí sílẹ̀. Ó ń wo òrùlé: páànù tí ó ti dípẹtà, ìṣó tí ó ti tú, igi tí ikán ti mú, àti etí òrùlé bóyá ó yọ síta tó láti gba ògiri lọ́wọ́ òjò. Nínú ilé, ó ń wo àjà fún àbàwọ́n omi. Bí àjà bá jẹ́ asbestos, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń wo ilẹ̀kùn àti fèrèsé: èyí tí ó ń ṣí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń há lè jẹ́ àmì pé ògiri ti yẹ̀. Ó ń wo wáyà iná, fíúsì àti wáyà tí ó so iná mọ́ ilẹ̀. Ó ń wo kànga, ṣáláńgá àti sọ́kàwéè, àti bí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn.

Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òpó àti ìdábùú ni ó gba àkókò jù. Irin wà nínú kọnkéré. Bí omi bá dé ọ̀dọ̀ irin náà, a dípẹtà. Irin tí ó dípẹtà a wú. Bí ó bá sì wú, a ti kọnkéré tí ó bò ó jáde. Nítorí náà, ìlà tí ó bá gígùn òpó lọ pẹ̀lú àbàwọ́n pupa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà.

6. Ògiri lílà

Òwe ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe fi aláǹgbá wọn ògiri. Ayẹléwò ń fi mílímítà wọ̀n ọ́n. Ní Bìrìtéènì, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù ka ìlà tí kò ju mílímítà 1 lọ sí ohun tí ọ̀dà lè bò. Láti 1 dé 5, a ó dí i; láti 5 dé 15, a ó tún ibẹ̀ ṣe; bí ó bá ju 25 lọ, ilé náà lè máà dúró. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìkan kò tó. Ibi tí ìlà wà, ọ̀nà tí ó gbà, àti bóyá ó ṣì ń fẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ mọ̀.

Níhìn-ín ni èdè ti ní iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà là ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìkòkò tí ó sán kò tíì fọ́. Nítorí náà, ìsán yẹ fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò kọjá ara ìrẹ́. Ìlà tí ó ti ojú ògiri kan dé ojú kejì ni a lè pè ní ìlàkọjá. Ẹnìkan lè rò pé ìlàjá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kúrú. Ṣùgbọ́n ìlàjà ni pípẹ̀tù sí aáwọ̀, ewu tí ó sì wà láàárín wo àti wó ni yóò tún bá a wọlé. Ibi tí ògiri méjì ti ń kúrò lára ara wọn ní igun ni ìyapa igun. Ògiri tí àárín rẹ̀ yọ síta ti ní ìwú.

Ó tún ku ìrẹ́ tí kò lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́. Èyí wọ́pọ̀ lára ilé amọ̀ tí a fi símẹ́ǹtì rẹ́, nítorí pé amọ̀ àti símẹ́ǹtì kì í sún pọ̀ bákan náà bí wọ́n bá tutù tàbí gbẹ, símẹ́ǹtì sì ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú ògiri. Bí a bá fi ìka kàn án, a dún bí igbá òfìfo. Ìrẹ́ òfìfo ni orúkọ tí ó bá a mu. Etí ni a fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Láti mọ̀ bóyá ìlà ń fẹ̀ sí i, ayẹléwò lè lẹ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn ní ìdábùú, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Bí dígí bá fọ́, ògiri ti rìn. Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ẹlẹ́rìí ni àwọn akọ́lé ń pe dígí yìí. Ẹlẹ́rìí ògiri dára ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, ọmọ Kétu tí ó fi Faransé kàwé àti ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé yóò sì jọ lò ó láì ṣe iyèméjì.

7. Àkójọ èdè-ìperí

Àyẹ̀wò ilé: wíwo ipò ilé láti ọwọ́ onímọ̀, láì ba ilé jẹ́.
Ayẹléwò: onímọ̀ tí ń ṣe àyẹ̀wò ilé.
Wolé-wolé: òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, kì í ṣe ayẹléwò.
Ìfọwọ́sí: gbígbà tí ìjọba gba àwòrán ilé wọlé.
Ìdíyelé: wíwá iye tí ilé tó.
Ìjábọ̀ àyẹ̀wò: ìwé tí ayẹléwò kọ ohun tí ó rí sí.
Ìsán: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìrẹ́.
Ìlàkọjá: ìlà tí ó la ògiri já láti ojú kan dé èkejì.
Ìyapa igun: kíkúrò tí ògiri méjì kúrò lára ara wọn ní igun.
Ìwú: yíyọ síta àárín ògiri.
Ìrẹ́ òfìfo: ìrẹ́ tí ó ti kúrò lára ògiri.
Rírì ìpìlẹ̀: wíwọlẹ̀ apá kan ìpìlẹ̀ ju apá kejì lọ. A kò pè é ní ìrì, nítorí ìrì tí ń sẹ̀.
Ẹlẹ́rìí ògiri: ohun tí a lẹ̀ mọ́ ìlà láti mọ̀ bóyá ó ń fẹ̀ sí i.

8. Ìkádìí

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kù. Ọ̀dọ̀ ọmọlé, bíríkìlà àti káfíńtà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí onímọ̀ èdè ń wá ti wà lẹ́nu wọn.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Èkó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé a ti sàmì sí ilé náà ṣáájú pé kí a wó o. Àmì tí a fi ọ̀dà kọ sára ògiri ń sọ pé kí a wó ilé. Kì í sọ ohun tí a rí. Òbí tí ń mú ọmọ kọjá níwájú rẹ̀ kò lè ti ara àmì náà mọ̀ bóyá òpó ni ó ti là tàbí ìwé ni kò pé. Bí a bá kọ ohun tí a rí ní èdè tí òbí náà gbọ́, tí ìsán dá yàtọ̀ sí ìlàkọjá, ẹni tí ó wo ilé yóò ti sọ̀rọ̀ kí ilé tó fi ara rẹ̀ wó.